Ìdajì Orí

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ náà. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: dígí kan, bẹ́ǹṣì kan, àga kan tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dè mọ́ ààrin ilẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí ìyàwó fẹ́, nígbà tí ọmọbìnrin náà mú àbúrò rẹ̀ wá gẹrun. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé ni kí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá méjì gbéjà kora lókè òkun. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì kà á sí. Àfi bí epo ṣe gbówó lórí, tí iná tẹ̀lé epo, tí abẹ tẹ̀lé iná. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìparí òpópónà tilẹ̀kùn, gbogbo oníbàárà rẹ̀ sì jókòó sílé. Ọ̀mọ̀wé kan ń ṣàlàyé lórí rédíò pé kò yẹ kí ọ̀wọ́n ọjà àti àìríṣẹ́ṣe máa dé pa pọ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo àga tó ṣófo, ó pa rédíò, ó fi owó kún owó irun.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ gẹ ibi tí owó mi bá dé."

"Ṣé ọkọ̀ lo wọ̀ ni, tó o fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà?"

"Ẹ ṣáà gẹ apá ọ̀tún. Òsì á fara dà á."

Ó gẹ ẹ́, ó fi abẹ fa ìlà tó gún láti iwájú dé ìpàkọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ń béèrè ìdajì. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó níwájú ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, kí ó má baà rí apá tó kù.

Bàbá onílé dé. Owó ilé ti lọ sókè.

"Bàbá, ìdajì ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

"Ta ló fẹ́ lé ọ? Bó o ṣe ń ṣe fún wọn ni n ó ṣe fún ọ."

Ilẹ̀ mọ́, káfíńtà fi pákó la ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Àga kò ṣe é gbé, káfíńtà sì dá ihò sára pákó lókè rẹ̀, kí ìdajì orí lè wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ra kílípà, ó gba ìdajì kejì.

Agbaṣẹ́ṣe kan tó lówó lọ́wọ́ wá jókòó, orí rẹ̀ wà nínú ihò.

"Gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ gẹ. Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún kan lápá ibí," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí.

"Ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ ni tibí," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn pákó. "Owó ilé tèmi le."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rò ó. Orí kan náà ṣá ni. "Tèmi náà ti di ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀."

"Ó dáa, tèmi di méjì."

"Tèmi náà di méjì."

"Mo ṣì jókòó síbí o!" ni orí náà kígbe.

"Ẹ má mira, sà," àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Méjì àtààbọ̀."

Agbaṣẹ́ṣe fa orí yọ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn onígbàjámọ̀ méjèèjì rí ojú ara wọn nínú ihò.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ẹni ẹ̀yìn pákó wí.

"Iṣẹ́ wo?" ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bi í. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì lé e kúrò níbẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ tí irun kankan kò sí, títí ó fi kan pákó.