Ìwé Tí Mo-ti-gbọ́ Yọjú Wò Lọ́jọ́rú

Mo-ti-gbọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Oníbàárà kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi mi orí pé, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," tí ìka rẹ̀ á sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí kì í kà ni iye ọjọ́ tó fi ń tún iṣẹ́ ṣe. Ètò tó bá fi ọjọ́ márùn-ún kọ, ó lè fi ogún ọjọ́ tún un kọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ̀ pé ẹni tó sáré tó tún padà wá gbé bàtà kò tíì sáré.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọ ibi iṣẹ́ yìí, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún kejì kò tíì pé tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé, "Oníwèé dà?" Ìwé kékeré kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí Mo-ti-gbọ́ bá ti gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ á máa jó o bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì. Ṣé òun kọ́ ló fi àga hàn án?

Ìgbà náà ni Ìyá Alágbàfọ̀, tó ní ilé ìfọṣọ mẹ́ta, gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ ètò tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aṣọ àwọn èèyàn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ wò ó," ni ọ̀gá wọn wí. "Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹni tí ohun tó gbé wá bá tẹ́ màmá lọ́rùn ni olórí iṣẹ́ níbí."

Ọdún mẹ́fà ni Mo-ti-gbọ́ ti ń wo ipò yẹn bí ẹni tó ń wo èso lórí igi.

Ogún ìṣẹ́jú ló lò lọ́dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀. "Wọ́n á kó aṣọ wá, ẹ ó fọ̀ ọ́, wọ́n á wá kó o. Mo ti gbọ́." Ó dìde.

Oníwèé lo ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn tó bá ìyá sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọjá sẹ́yìn, níbi tí ooru ti ń ru, ó lọ dúró ti Bàbá Aláyọ́ọ̀nù, àgbàlagbà tó ń lọ aṣọ.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú, kí lẹ máa ń ṣe?"

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kọ, ó fún un ní nọ́ńbà, ó kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Èyí tí wọn ò lè ṣe láìsí i, ó fa ìlà sí i nídìí. Èyí tó kàn wù wọ́n, ó yí òbìrìkìtì sí i. Ojú ewé tó kẹ́yìn, ohun tí ètò náà kò ní ṣe ló wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lọ́la pé, "Èmi ṣáà rò pé." Lẹ́yìn náà ni yóò kà á sí wọn létí. Ibi tí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, yóò tún un ṣe, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, níbi iṣẹ́, Oníwèé dìde lọ bu omi mu, ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Mo-ti-gbọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi fóònù ya ojú ewé mẹ́rin. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Tirẹ̀ náà, tèmi ni." Látìgbà náà dé ọjọ́ Àìkú, kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ajé, ní ilé ìfọṣọ, òun ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ó dára lójú. Ọ̀gá ń mi orí. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù wúkọ́.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Obìnrin kan kó aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú kọ́tìnì. Aṣọ ọmọ ti gbẹ, kọ́tìnì ṣì tutù. Ẹ fún un ní ti ọmọ kó máa lọ."

Mo-ti-gbọ́ tẹ kọ̀ǹpútà. Ohun tó jáde ni: *Gbogbo ẹrù oníbàárà ló ń jáde pọ̀ lọ́jọ́ kan.* Ó tún un tẹ̀. Ohun kan náà ni.

"Kí ọmọ wá ró kọ́tìnì lọ sílé-ìwé?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ béèrè.

"Mo ṣáà ṣàlàyé fún ọmọ yìí lọ́jọ́bọ̀ nígbà tó kà á sí mi létí," ni Bàbá wí. "Okùn méjì la máa ń so mọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Pupa fún èyí tó ń yá, dúdú fún èyí tó ń dúró."

"Ó dáa, èmi ni mo sọ pé ó ń jáde pọ̀," ni ìyá wí. "Èmi ṣáà kì í so okùn."

Oníwèé ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni, kò yẹ̀ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kan. Ó wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo-ti-gbọ́ ń wo ilẹ̀. Oníwèé tẹ́ ìwé mẹ́sàn-án tó ya àwòrán sí kalẹ̀. Kò tíì kọ ètò kankan. Bàbá fi ìka tọ àwòrán náà láti ibi okùn pupa dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ ọmọ jáde, kọ́tìnì dúró.

"Èyí niṣẹ́ wa," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. Ibẹ̀ náà ni ọ̀gá ti fi Oníwèé ṣe olórí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Oníwèé rọra bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìn.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà keje yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ ọ́."

"Nọ́ńbà keje wo?"

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yọjú wò ó náà ni, ẹ̀ bá ní sùúrù di ọjọ́ Ẹtì."

Mo-ti-gbọ́ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Kí n sọ pé ọkọ rẹ̀ ń bá ìwé jowú? Ilé ìfọṣọ kejì ṣì wà tí a ò tíì débẹ̀. Ọ̀la ni Bàbá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi lọ bi í."

Inú bí Mo-ti-gbọ́ pé ẹni tí òun kọ́ níṣẹ́ ló wá ń rán òun níṣẹ́. Síbẹ̀, ó lọ. Ìwé tuntun tó rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nípọn ju ti Oníwèé lọ ní ìlọ́po méjì; ó ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dojú báàkẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Bí aṣọ bá ti dé," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti—"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kò gbé e lé aṣọ. "Ẹ ti kí ni?"

Mo-ti-gbọ́ ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ sí òkè ojú ewé, ó kọ nọ́ńbà kìíní sí abẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ṣe tán, Bàbá. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."