Ìrù ni ìyàwó bùrọ̀dá mi fi ń mọ ayédèrú

Ìyàwó bùrọ̀dá mi, ọmọ Iléṣà yẹn, kì í ra kásẹ́ẹ̀tì fídíò àlòkù láìkọ́kọ́ sáré yí i dé ìparí. Á ní, "Ọkọ mi kékeré, ayédèrú kì í rántí ká ìrù ẹ̀ nílẹ̀." Ṣé ẹ mọ̀ pé orí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n máa ń da fíìmù ayédèrú kọ sí. Tí fíìmù bá tán, nǹkan tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á yọjú.

Lọ́jọ́ kan, ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Òkè Fìà, ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì búra fún wa pé ojúlówó ni èyí tá a mú. Mi ò gbà á gbọ́, mo ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, mo fẹ́ bá a jà.

"Ọkọ mi, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ìrù."

Ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sáré yí i dé ìparí. Fíìmù tán, ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ta ni ọkọ ìyàwó? Ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni, ó ń jó bí ẹni tí eèrà wọ ṣòkòtò ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," ló ń bẹ̀. "Ìyàwó mi ń bọ̀."

Ẹ̀rín ò jẹ́ ká rí bọ́tìnnì. Bí ìyàwó ẹ̀ ṣe gbé abọ́ ẹ̀wà wọlé nìyẹn, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọkọ ẹ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣebí ẹ ní olè ló jí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wa lọ?"