Ẹyẹ Dúdú Láàárín Lékeléke Garki

Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì àti koríko jíjó ló gba Garki kan nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó tí à ń tú. Èmi ni mo ń wa katakata. Prámárì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ta ló mọ irin yẹn wà tó mi? Ojú mi sì mú ju ti àṣá lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lékeléke á dé, wọ́n á pọ̀ bí òwú tó tú nínú àpò, wọ́n á máa tẹ̀lé mi, wọ́n ń ṣa tata tí irin mi hú jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọ̀kan láàárín wọn tó ṣú bí òjò. Ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló funfun, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó tẹ pupa ẹyin. Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Wẹ́dà wa tó ń jó irin pọ̀, ọmọ Kàbà, rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, èéfín katakata yín ló kùn ún. Ẹ fi hàn wá, tàbí kí ẹ má sọ ìtàn kankan fún wa mọ́."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo lọ bá bàbá wọnlẹ̀wọnlẹ̀, tó máa ń gbé awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni kọ́rùn. Wọ́n ní, "Bí o bá tún rí i, ké sí mi."

Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ náà wá. Mo pa ẹ́ńjìnnì kó má baà sá, mo juwọ́ sí bàbá. Ilẹ̀ dákẹ́, tata kò fò mọ́, ni gbogbo agbo bá gbéra, òun náà tẹ̀lé wọn.

"Kai," ni wẹ́dà tó tẹ̀lé bàbá wá wí, "ó ti lọ wẹ èéfín yẹn kúrò lára."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ariwo tí mo rò pé ó ń lé wọn gan-an ni wọ́n ń wá. Mo ní kí bàbá gòkè wá jókòó tì mí, mo tún ṣíná sí i, mo ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn lékeléke padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ dúdú náà ló dé kẹ́yìn. Bàbá gbé awò sójú.

"Etí òkun ni ilé eléyìí. Kí ló ń wá níbí?"

Wọ́n gbé awò fún wẹ́dà. Ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà."

Títí dòní ni mo ń rò ó, bó ṣe fi omi òkun sílẹ̀ wá tẹ̀lé irin mi nínú eruku. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í sọ ìtàn kí n má bu iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ti ẹyẹ yìí, bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́. N kò fi ìyẹ́ kan kún un.