Mùsáfírù Kọ Fìlà Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Ìtọrọ

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Mùsáfírù wẹ́dà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti pá láti iwájú títí dé ìpàkọ́. Orí pípá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu tó fi ń polówó orí náà kiri ni kò jẹ́ ká rímú mí ní Mowe.

Tolúwalọpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ibogun tó wá ṣe ilẹ̀kùn irin lọ́dọ̀ rẹ̀, ló kó bá wa. Ó ní àwọn onímọ̀ kan rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni orí pípá ti ń sọ ọkùnrin di àgbà lójú àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un; bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ aráyé. Àwọn mìíràn ní nítorí oòrùn ni.

"Ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí proof kankan o, ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ náà wí.

Mùsáfírù ò gbọ́ ìyẹn. Ibi tó dùn mọ́ ọn ni etí rẹ̀ ti dí.

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá arúgbó kan bá ṣèèṣì kí i pé, "Ẹ káàsán, sà," á dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o," bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ bàbá náà lórúkọ. Ìwọ̀sí gbáà!

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ tọrọ Ròkíátù ní Ifọ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Mùsáfírù, fi fìlà lé e lọ́wọ́.

"Dákun, dé e. Ọkọ ìyàwó ni ẹ́."

"Màámi, ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti ń ṣe bọ̀, ẹ ní kí n fi fìlà bò ó? Respect ló wà lórí yìí."

Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi bẹ Ròkíátù kó tó gbà fún un. Apárí fojú di abẹ.

Nígbà tí wọ́n dé Ifọ̀, Mùsáfírù ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn ẹbí ṣì ń sọ ẹrù kalẹ̀ níta. Láwàlì, bàbá Ròkíátù, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, kò rí ọkọ ọmọ rẹ̀ rí àfi nínú fọ́tò, fìlà sì wà lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ó rí orí tó ń dán, ó dìde wuya, ó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá ọkọ ni, àbí? Ẹ jókòó."

Ọmọlúàbí ì bá ti nà gbalaja lórí símẹ́ńtì. Mùsáfírù ní, "Kú ilé o." Ó sì jókòó.

"Ọkọ ìyàwó náà ńkọ́, sà?"

Ròkíátù tó ń gbé omi wọlé dúró gbọnin. "Bàbá mi, òun náà nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni alágídí dọ̀bálẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Láwàlì ń wò ó. "Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ, o sì gbà á?"

Ròkíátù gbé omi náà kọjá lára Mùsáfírù, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún Wúlẹ̀mọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ mu omi, màámi. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó jókòó kí bàbá mi."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà sí Mowe, Mùsáfírù tọrọ fìlà. Ìyá rẹ̀ ń fi í nu omijé.