Ààrò Tí Kì Í Jẹ Igi

Ọkọ mi ò dáná rí láyé wọn. Àwọn gan-an ni yunifásítì wá mú, nígbà tí àwọn alágbádá gba ìjọba padà lọ́wọ́ ológun, pé kí wọ́n wá kọ́ bí aráyé ṣe máa lo nǹkan tí kò fi ní tán mọ́ àwọn ọmọ ọmọ wa lọ́wọ́.

Tíṣà ni wọ́n, Dogon Dutse ní Jos là ń gbé. Kíláàsì wọn ní yunifásítì kó onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ omi, lọ́yà àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé pọ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ ò gbọdọ̀ dá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ àfi kí lọ́yà bá a dá sí i. Kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní sàtífíkéètì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan nílé tí àwọn olùkọ́ máa wá wò. Bàbá wọn, ọkọ mi, mú ìdáná. Sàtífíkéètì yẹn ni wọ́n máa fi di ọ̀gá ilé ìwé, gbogbo wa la fẹ́ kí wọ́n gbà á.

Wọ́n fi amọ̀ mọ ààrò kan tó gbé ìkòkò mì títí dé ọrùn. Mo rò pé eré ni, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á se ẹ̀wà jinná, kò sì sí èéfín. Ooru iná ò jáde síta rárá. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ Jos ò lọ sí yunifásítì. Iná ìdáná la ti ń yá láràárọ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú náà. Mo bá dá iná mìíràn sí bàráńdà ẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan yá. Igi tí ààrò tuntun ò jẹ, ibẹ̀ ló ń jó sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ ń bọ̀, Bàbá wọn bẹ̀ mí.

“Ìyá wọn, jọ̀ọ́, pa iná ẹ̀yìn yẹn. Wọn ò gbọdọ̀ rí i.”

Mo fi eérú bò ó.

Àwọn olùkọ́ dé, wọ́n yin ààrò, wọ́n ń kọ̀wé, òtútù sì ń mú wọn.

“Kai, sanyi!” Èyí tó dàgbà jù ń ra ọwọ́ pọ̀. “Màdáámù, ṣé kò síná tá a lè yá ni?”

“Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí náà ni, sà.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé amọ̀ náà. “Ahun ni ààrò yìí o!”

Mo wo Bàbá wọn. Bàbá wọn wo àjà, wọ́n ní:

“Lọ ṣí iná ẹ̀yìn fún wọn.”

Mo gbá eérú kúrò, mo ki igi bọ̀ ọ́. Àwọn olùkọ́ gbé àga yí iná ká, ọwọ́ wọn yọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ọ́ pé ààrò ọkọ mi ń dín igi kù gan-an. Nígbà tí wọ́n máa fi lọ, igi ti tán nílé.

Bàbá wọn gba sàtífíkéètì, wọ́n di ọ̀gá. Wọ́n ní ká gbé sàtífíkéètì náà kọ́ síbi tí gbogbo àlejò á ti rí i. Bàráńdà ẹ̀yìn ni àlejò ń jókòó sí lásìkò ọyẹ́, ibẹ̀ la gbé e kọ́ sí. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, kò ṣeé kà mọ́.