Ọtí Ọdún Mẹ́wàá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọtí pupa ilẹ̀ Sípéènì, èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú àgbá igi títí yóò fi gbó, tó iye tí wọ́n ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹlòmíràn. Mo ra ẹyọ kan rí.

Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbi tí mò ń gbé, ni mo ti rà á fún àádọ́rin ọdún bàbá mi. Ẹni tó tà á ní ọdún mẹ́wàá gbáko ló ti wà nípamọ́. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù mi mì, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe gbé e lé itan nínú ọkọ̀ Iléṣà.

Bàbá mi gbàdúrà lé ìgò náà lórí títí ìyá mi fi ṣe "Àmín" ìparí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó wá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ti gbá ọ. Ó ti kan."

"Kò kan, bàbá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́wàá! Ẹmu àná gan-an, ta ní ń mu ún? Gbé e padà sí ulé ẹni tó tà á."

Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń mu ẹmu àárọ̀ láti kékeré, tó mọ̀ pé bí ẹmu bá ti sùn ó ti bàjẹ́, ibo ni yóò ti mọ̀ pé ọtí kan wà tó ń dára sí i bó ṣe ń dàgbà? Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin ò kúkú mọ nǹkan gidi."

Ẹyin lohùn. Bàbá mi kàn ní, "Kò burú." Mo wọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi pè é, mo ní òun ni kó kọ́kọ́ pè mí. Ìyá mi ló pè. Bàbá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, bébà ni ó fi dí i lẹ́nu, ṣíbí kan sì wà lára rẹ̀. Ọtí inú rẹ̀ ti lọ ju ìdajì.

Ìyá mi ní, "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, bí ẹni ń lo oògùn. Bó bá gbé e mì tán, á dijú, á ní, 'Ọmọ mi ló rà á.'"

Ó mú ṣíbí náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Ó ní bí o bá pè, kí n sọ fún ọ pé òun ti ń mọ̀ ọ́n mu."

Mi ò pè.