Ìbéèrè Nípa Ọmọ Tí Kò Dúró

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Ọ̀ṣuntóyìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹdẹ ni kí ó máa kọ ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé kiri láti ilé dé ilé, kí wọ́n lè mọ ibi tí ikú ọmọdé ti pọ̀ jù.

Bó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ nìyí: "Ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kú?" Ó mú un lọ sí àdúgbò Alajue láti dán an wò. Ẹ̀gẹ́ ni màmá kan, Ìyá Fáwọlé, ń bó lọ́wọ́ nígbà tó bi í. Màmá náà sọ ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ta ló rán ọ pé kí o wá ka ọmọ mi? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Dìde lójúde mi."

Ọ̀ṣuntóyìn kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, màmá tún mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ló bá padà sílé, ó yọ "kú" kúrò, ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mélòó ni kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́?" Èyí tún burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí ọmọ wọn wà l'Ékòó kà wọ́n mọ́ ọn. Àwọn tó sin ọmọ dákẹ́ ní tiwọn. Ọládòṣù, ọ̀gá rẹ̀, wo ìdáhùn, ó mi orí.

"O bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ jù. Wọn ò mọ ohun tí ò ń bèèrè."

Ọ̀ṣuntóyìn wá pín ìbéèrè náà sí mẹ́ta. Ó bèèrè àwọn ọmọ tó wà nílé, ó bèèrè àwọn tó wà nídàálẹ̀, kó tó kọ pé: "Ǹjẹ́ ẹ bí ọmọ kankan tí kò dúró?"

Ó padà tọ Ìyá Fáwọlé lọ. Màmá jẹ́ kó ka ìbéèrè náà tán.

"Méjì. Ibà ló mú wọn lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí báyìí rí." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ǹjẹ́ o bí èyí tí kò dúró?"

Ọ̀ṣuntóyìn ti sin Fèyísọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní èṣí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọmọ náà nílé ọkọ rẹ̀ mọ́.

"Rárá, mà," ni ó wí.

Màmá wò ó títí, kò bi í mọ́.

Ọládòṣù yin ìbéèrè náà gan-an, ó ní àwọn yóò gbé e dé ìlú Ara àti ìlú Awo. Ọ̀ṣuntóyìn dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan.